Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ń Béèrè: Àyẹ̀wò Eré Ìfojúmọra Akẹ́kọ̀ọ́-Olùkọ́

Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àti ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ẹni tí ó lè gba ìwé-ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò ní ilé-ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí tonílé tàlejò ń pè ní T.P. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ ni lójú àwọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni lójú àwọn tí ó rán an. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, ìmọ̀ràn tí ó sábà máa ń bá lọ ni pé kí ó fi eré ìfojúmọra bẹ̀rẹ̀, ìyẹn eré kékeré tí wọ́n fi ń lé ìtìjú kúrò láàrin àwọn tí kò tíì mọra wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sì sọ ohun kan tí ó fẹ́ràn. Nígbà mìíràn wọn yóò máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn, ẹni tí ó bá sì hán an ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́ ka eré yìí sí ọ̀nà láti mú kí ara tu ọmọdé, wọn kì í sì í bèèrè ju bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó ṣáájú ìyẹn, tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, pàápàá ti ẹ̀ka rẹ̀ tí ń yẹ ìwà wò láti mọ ohun tí ó tọ́ kí ènìyàn kan ṣe sí ẹnì kejì: kí ni ó fún àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ọmọ ọlọ́mọ dìde lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́? Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àjèjì náà ni ó jẹ gbèsè ìfarahàn, kì í ṣe ọmọ tí ó bá lórí ìjókòó, àti pé eré àkọ́kọ́ tí ó dára jù lọ ni èyí tí kò ní kí ọmọ sọ nípa ara rẹ̀ rárá.

Àṣà ìkíni Yorùbá kò fúnni ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè náà, nítorí ìlànà méjì ni ó forí gbárí níbẹ̀. Ìlànà kan sọ pé ọmọdé ni ó ń kọ́kọ́ kí àgbà, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀. Èkejì sọ pé ẹni tí ó wọlé ni ó gbọ́dọ̀ kí àwọn tí ó bá nílé, kí ó sì sọ ẹni tí ó jẹ́ àti ohun tí ó bá wá, bí ó tilẹ̀ dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wà lábẹ́ méjèèjì, nítorí pé àgbà ni, àlejò sì ni. Ilé-ìwé ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún ara rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá: bí àgbàlagbà bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo kíláàsì yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò fi ohùn kan kí i, wọn yóò sì wà lórí ìdúró títí yóò fi ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀pọ̀ ń fi àjọkí yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ ọmọ di ẹ̀rọ, ẹ̀sùn náà kò sì ṣàìní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n gbàgbé. Nínú àjọkí, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ń kólòlò, ọmọ tí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ti ya, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn tí kò sì tíì gbọ́ èdè àdúgbò dáadáa, gbogbo wọn ni ó rí ibi fara pamọ́ sí nínú ariwo náà, tí wọ́n sì ti kí àgbà bí ó ṣe yẹ láìsí ẹni tí ó yọ wọ́n sọ́tọ̀. Eré ìfojúmọra ni ó wá ń tú agbo yìí ká, tí ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí eré náà ń béèrè pàápàá ní èrò kan nínú nípa ohun tí ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó ní kí ọmọ sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ràn ti gbà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé orúkọ kan pẹ̀lú ohun tí ó wu ni tó láti fi mọ ẹni. Ìbéèrè tí àgbàlagbà Yorùbá máa ń bi ọmọ tí kò mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ta ni í ṣe, agbo ilé wo ni ó sì ti jáde, ni yóò bi í. Ifeanyi Menkiti, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Wellesley College ní Amẹ́ríkà, gbé irú èrò yìí kalẹ̀ nínú àròkọ kan tí ó jáde ní 1984, níbi tí ó ti sọ pé lójú àwọn àwùjọ Áfíríkà, àwùjọ ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni, pé ọmọdé kò tíì di ẹni tán, àti pé bí ọjọ́ orí àti ojúṣe bá ṣe ń pọ̀ sí i ni jíjẹ́ ẹni ń jinlẹ̀ sí i. Kwame Gyekye, onímọ̀ ọmọ Gánà, kò fara mọ́ ọn. Ó ní Menkiti ti ti ọ̀rọ̀ àwùjọ kọjá ààlà, nítorí pé iyì ẹni kò dúró de ìgbà tí àwùjọ bá tó fún un. Ní ti Segun Gbadegesin, nínú ìwé tí ó kọ lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí Yorùbá ní 1991, orí inú wà lára ohun tí ó para pọ̀ di ènìyàn, òun sì ni ó ru ìpín tí olúkúlùkù gbà kí ó tó dé ayé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan jù lọ ni ẹni náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ tán. Babaláwo ni àgbàlagbà máa ń tọ̀ lọ láti wádìí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n ní kí ó dìde sọ ọ́ kí ẹni tí ó kàn tó dìde.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí rò pé bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé dípò ohun tí ọmọ fẹ́ràn, ìṣòro ti tán. Ìbéèrè nípa ilé léwu ju ìbéèrè nípa oúnjẹ lọ. Nínú kíláàsì kan náà ni a ti lè rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò yọjú láti ọjọ́ pípẹ́, àti ọmọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń sìn nílé wọn, tí kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ìbéèrè tí ó dà bí ẹni pé kò lẹ́bi, ìyẹn pé ọmọ mélòó ni wọ́n jẹ́ nílé, lòdì sí ohun tí àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó sì lè kan ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 àti òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 gbà pé ọmọdé náà ní ohun tí ó jẹ́ àṣírí ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Kò dájú pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń darí eré yìí rántí pé ohun tí òfin dáàbò bò ni àwọn ń béèrè tẹ̀ríntẹ̀rín.

Èdè tún wà níbẹ̀, ibí yìí sì ni ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ rò pé òun rí kó nínú eré náà ti ń di ohun iyèméjì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, àní ní Praimari kìíní. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan yóò mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé ìrẹsì ni ó mọ̀ ọ́n pè, ìrẹsì ni yóò fẹ́ràn lọ́jọ́ náà, bí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ bá sì ti sọ pé bọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù ni ìdajì kíláàsì yóò fẹ́ràn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yóò lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti mọ ohun tí àwọn ọmọ náà nífẹ̀ẹ́ sí, nígbà tí ó jẹ́ pé iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ni ó mọ̀. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970, nínú èyí tí àwọn ọmọ ti fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, àbọ̀ ètò náà sì fi hàn pé wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èsì ìdánwò yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí, bí ẹni pé òun nìkan ni èrè ibẹ̀. Èrè mìíràn wà tí kò ṣeé fi máàkì wọ̀n: ọmọ tí wọ́n bi ní èdè rẹ̀ lè yàn láti dáhùn, ó sì lè yàn láti dákẹ́, nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí kò gbédè kì í ṣe yíyàn.

Hannah Arendt, obìnrin Júù ọmọ Jámánì tí ó sá fún ìjọba Hitler tí ó sì di ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan lórí ìṣòro ètò ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1958. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé gbogbo ohun tí ó bá ń dàgbà nílò ibi ààbò tí kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ gbangba, pé ilé ni ibi ààbò yìí fún ọmọdé, àti pé ilé-ìwé dúró láàrin ilé àti ayé láti mú ọmọ kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ó fi kún un pé ọmọ tí àgbàlagbà bá yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ kì í di òmìnira, nítorí pé ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí, àṣẹ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń pa lórí ọmọ kan sì burú ju àṣẹ àgbàlagbà tí ó le jù lọ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú eré ìfojúmọra kò jìnnà sí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ rò pé òun ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ náà délé ni àwọn tí ó jókòó yí i ká. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ràn ohun tí kíláàsì kà sí ohun ẹ̀rín, orúkọ tí wọn yóò fi máa pè é títí di ìparí ọdún ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà yẹn, lẹ́yìn tí olùkọ́ àlejò ti lọ tipẹ́.

Àwọn tí ń gbèjà eré náà kò ṣàìní ohun tí wọn yóò sọ. Wọ́n lè tọ́ka sí Martin Buber, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí ó kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 1923 pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn ń gbà dojú kọ ayé: ó lè ka ẹnì kejì sí ohun tí a ń lò tí a sì ń yẹ̀ wò, ó sì lè bá a pàdé gẹ́gẹ́ bí ìwọ tí òun ń bá sọ̀rọ̀, tí kò ṣeé kó pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan. Wọ́n ní eré ìfojúmọra ń ṣílẹ̀kùn fún irú ìpàdé kejì yìí. Buber kan náà ni ó sì sọ pé ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ètò jáde, pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń mú un wá. Ó sì ṣòro láti rí oore-ọ̀fẹ́ nínú ohun tí a ti pín ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ti Johan Huizinga, onímọ̀ ìtàn ọmọ Netherlands, tilẹ̀ tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1938, ohun àkọ́kọ́ tí ó kà sí àmì eré ni pé ẹni tí ń ṣe é fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ ẹ ṣe. Eré tí ọmọ kò lè kọ̀, iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ kan nígbà T.P., alábòójútó láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò wá, yóò mú ìwé máàkì dání, yóò sì wo bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ó tó fún un ní máàkì lórí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ohùn, ìmúra àti bí ó ṣe káwọ́ kíláàsì. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ ọ́ ní 1785 pé ènìyàn kò gbọdọ̀ lo ẹnì kejì, tàbí ara rẹ̀ pàápàá, gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ lásán, bí kò ṣe pé kí ó máa kà á sí ẹni tí ó níyì fún ara rẹ̀. Kókó gbólóhùn náà ni «lásán». Kò sí iṣẹ́ kan tí a lè kọ́ láìlo ẹlòmíràn. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò gún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò sì fi ọmọ ẹnì kan kọ́ ọ. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí níwọ̀n ìgbà tí ọmọ náà bá ń jèrè ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rán an wá sílé-ìwé. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ń fi dánra wò, ọmọ ń kọ́ ìṣirò, kódà bí olùkọ́ náà bá ń gbọ̀n. Nínú eré ìfojúmọra tí wọ́n ń ṣe nítorí kí alábòójútó lè rí i pé ọ̀yàyà wà lójú rẹ̀, ó ṣòro láti tọ́ka sí ohun tí ọmọ gbà. Ìtìjú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gba máàkì. Kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà burú. Òun náà wà lórí ìdúró lójú ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ipò tí ó sì fi ọmọ sí ni òun fúnra rẹ̀ wà. Bóyá ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó tètè yé e ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àtakò kan ṣì wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ orúkọ rẹ̀ ni yóò máa pè, ọmọ tí kò bá sì mọ orúkọ rẹ̀ yóò jókòó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà láìsí ẹni tí ó bi í ní nǹkan. Òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìdọ́gba sì ni. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà wà lórí tábìlì. Olùkọ́ tí ó ni kíláàsì mọ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ilé pè àti ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi pe òun, ó mọ ẹni tí kò ríran dáadáa tí ó fi yẹ kó jókòó níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ó kọ́ orúkọ ogójì ọmọ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ó má baà pe Adé ẹnì kan lódìlódì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni iṣẹ́ yìí. Eré ìfojúmọra gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé e lé àwọn ọmọ lọ́rùn, ó wá ń pè é ní ìgbádùn.

Bí kò bá wá yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ ara wọn, kí ni kí ó ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn? Ìtàn Joseph Jacotot lè ranni lọ́wọ́. Ará Faransé ni, tí ìyípadà ìjọba lé kúrò nílùú rẹ̀, tí ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Leuven ní 1818. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá gbẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọ́ Faransé, òun náà kò sì gbọ́ Flemish tí wọ́n ń sọ. Kò sí èdè kan tí wọ́n jọ gbọ́ tí wọ́n fi lè sọ ara wọn fún ara wọn. Ìwé kan ni ó fi sáàrin, ìtàn Télémaque tí Fénelon kọ, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ní èdè méjèèjì papọ̀. Ó ní kí ògbufọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi apá kan kọ́ apá kejì, ẹnu sì yà á nígbà tí wọ́n fi Faransé kọ èrò wọn nípa rẹ̀ dáadáa. Jacques Rancière, onímọ̀ ọgbọ́n orí, gbé ìtàn yìí jáde nínú ìwé kan ní 1987 láti fi hàn pé ọpọlọ olùkọ́ kò ga ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, àlàyé rẹ̀ sì gùn ju ohun tí àyè gbà níhìn-ín. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni ohun kẹta tí ó wà láàrin wọn. Arendt náà, nínú ìwé rẹ̀ mìíràn ní 1958, fi ayé tí àwọn ènìyàn jọ ní wé tábìlì tí ó wà láàrin àwọn tí ó jókòó yí i ká: ó so wọ́n pọ̀, ó sì là wọ́n láàrin.

Yorùbá ti ní irú ohun kẹta bẹ́ẹ̀ tipẹ́ nínú àlọ́ àpamọ̀, ìyẹn àlọ́ kúkúrú tí apàlọ́ ń pa kí àwọn agbálọ̀ọ́ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣíde kí wọ́n tó bọ́ sórí àlọ́ gígùn tí ó ní orin. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ pàlọ́ ni ó kọ́kọ́ mú nǹkan wá. Kò béèrè ẹni tí agbálọ̀ọ́ jẹ́. Ata, ahọ́n tàbí ìgbín ni ó bò mọ́lẹ̀ sínú ọ̀rọ̀, gbogbo agbo sì ń wá a. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò pariwo, ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò máa wá a nínú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó ti rí i. Láàrin èyí ni olùkọ́ tí ó lajú yóò ti mọ ẹni tí ń kánjú, ẹni tí ń rò ó jinlẹ̀, ẹni tí ń yọ́ ìdáhùn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ kí ó lè gba ìyìn; yóò mọ̀ wọ́n láti inú ohun tí wọ́n ṣe, láìsí pé ó ní kí wọ́n ròyìn ara wọn. Àwọn náà yóò sì mọ̀ ọ́n. Apàlọ́ tí wọ́n já àlọ́ rẹ̀ kíá yóò rẹ́rìn-ín tàbí yóò bínú, àwọn ọmọ a sì máa kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ohun kan ṣẹ́kù tí eré ọjọ́ kìíní kì í sábà sọ, òun ni pé akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó jẹ gbèsè ìfarahàn, ọjọ́ àtilọ rẹ̀ wà lára ohun tí ó yẹ kó sọ nípa ara rẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì ju oúnjẹ tí ó fẹ́ràn lọ. Kant, nínú àròkọ kan ní 1797, ní ènìyàn kò gbọdọ̀ purọ́ kódà láti fi gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là, ọ̀pọ̀ sì ti rí i pé ó le jù. Kò tilẹ̀ di dandan láti bá a dé ibẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó dákẹ́ kò tíì purọ́. Síbẹ̀, àgbàlagbà tí ó ní kí ọmọ fọkàn tán òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ṣe ìlérí kan tí kò fẹnu sọ, ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè mú un ṣẹ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá sọ ọ́, àwọn ọmọ kò ní dá sí wọn mọ́. Ẹ̀rù náà kò nídìí. Ọmọ ọdún méje ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn wà lọ́dọ̀ ẹni fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń ti Èkó wá sílé ọdún, gbogbo ilé ló mọ ọjọ́ tí wọn yóò padà, ó sì ń bá wọn ṣeré láti àárọ̀ di alẹ́.